Ìtẹríba: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo àwọn tí wọ́n tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá fún ẹ̀kọ́ tòní. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti pè, ẹnu gbogbo wa ni ó sì wà. Òun ni ìtẹríba. Bí ọmọdé bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, a ó ní kò ní ìtẹríba. Bí ẹnì kan bá gbóhùn sókè sí ẹni tí ó jù ú lọ, a ó ní kò ní ìtẹríba. Bí a bá sì fẹ́ yin ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́jà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó sọ ni pé ó ní ìtẹríba.

Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń da ilé rú láàárín wa ní Bomo níhìn-ín. Àwọn òbí ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Hausa kò mọ ìtẹríba mọ́. Àwọn ọmọ náà ń dáhùn pé ohun tí òbí ń bèèrè kò sí nínú ẹ̀sìn, pé Ọlọ́hun nìkan ni à ń tẹríba fún. A mọ ilé tí bàbá ti sọ pé ọmọ òun kò ní lọ sí ilé-kéwú mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. A mọ ilé tí ọmọ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí òun àti bàbá rẹ̀ má bàa pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn lèmọ́mù kan náà ni àwọn méjèèjì ń kírun. Ó yẹ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ?

Bí a bá tú ìtẹríba palẹ̀, a ó rí i pé ẹni tí ó ṣe é tẹ orí rẹ̀, orí náà sì ba. Igi tí èso pọ̀ lórí rẹ̀ a máa tẹ̀. Ẹni tí ó bá ba, ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kúrò ní ìdúró gbọọrọ. Orí ni ọ̀rọ̀ náà sì dárúkọ nínú gbogbo ẹ̀yà ara. Orí ni adé ń gbé, orí ni fìlà ń gbé, orí kan náà ni Yorùbá sì ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpín ènìyàn. Nítorí náà ẹni tí ó tẹ orí rẹ̀ ba fún ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ láìla ẹnu: ó ní, ẹ jù mí lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyèsí nǹkan kan níbí. Ẹni tí ó ni orí ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ ti orí ẹni mọ́lẹ̀, èyí kì í ṣe ìtẹríba mọ́, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn létí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń wá láti inú ọkàn ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, èkejì ń wá láti ọwọ́ ẹni tí ó wà lókè.

Ìtẹríba ní àwọn ará ilé, a kò sì gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú. Ọ̀wọ̀ ni bí ẹnì kan ti wúwo tó lọ́kàn wa. Ìgbọràn ni kí a ṣe ohun tí a ní kí a ṣe. Ìbẹ̀rù ni kí a ṣe é nítorí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wa bí a kò bá ṣe é. Ọmọ lè gbọ́ràn láìní ìtẹríba: yóò ṣe iṣẹ́ náà níwọ̀n ìgbà tí ojú wa bá wà níbẹ̀, yóò sì máa kùn. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ọmọ ní ìtẹríba ní ọjọ́ tí kò gbọ́ràn. A ó dé orí ìyẹn láìpẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ta ènìyàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè Lárúbáwá náà. Láti inú lẹ́tà mẹ́ta, sīn, lām àti mīm, ni a ti rí salām, èyí tí í ṣe àlàáfíà, àti islām, èyí tí í ṣe ìjuwọ́-jusẹ̀-sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Irú ìtẹríba yìí kò ní ààlà, kò sì sí ẹ̀dá kan tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí à ń pè ní adab, tí àwọn Hausa sọ di ladabi. Ìyẹn ni ìwà ọmọlúwàbí tí ó tọ́ sí òbí, olùkọ́, àgbà àti aládùúgbò. Ọ̀tọ̀ ni islām, ọ̀tọ̀ ni adab. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé inú èdè Yorùbá, ìtẹríba kan náà ni à ń lò fún méjèèjì.

Ibí ni ìjà ti ń wọlé. Bí bàbá bá ní kí ọmọ tẹríba, adab ni ó ní lọ́kàn. Ọmọ tí ó ń ti ilé-kéwú bọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé a kò gbọdọ̀ mú orogún mọ́ Ọlọ́hun, èkíní ni ó gbọ́. Bàbá rò pé ọmọ ń ta ko òun. Ọmọ rò pé bàbá ń pe òun sí ẹbọ. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn.

Ìtẹríba orí ahọ́n

Ọdún 1911 ni ojú irin tí ó gba Zaria kọjá dé Kano, ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó sì bá iṣẹ́ àti òwò rìn tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n tún dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní 1962, Samaru àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, tí Bomo wà lára wọn, di ibi tí ènìyàn ń wá jẹun. Ọmọ àwọn tí ó wá nígbà náà ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti ń bímọ. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré ní ìta, òun ni wọ́n fi ń nájà. Ohun tí àwọn òbí ń pè ní àìní ìtẹríba, èdè ni ó fà á nígbà púpọ̀.

Ní Yorùbá, a kì í sọ fún àgbà pé "o ti dé". "Ẹ ti dé" ni. A kì í sọ pé àgbà "ó ń bọ̀". "Wọ́n ń bọ̀" ni. Ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n bí ẹni púpọ̀ ni a ṣe ń pè é. Hausa kò rí bẹ́ẹ̀. Ka ni wọ́n ń sọ fún ọkùnrin kan, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìbáà ṣe bàbá àgbà. Ki ni fún obìnrin kan. Ku sì ni fún ènìyàn púpọ̀. Ina kwana tí wọ́n fi ń kí ọmọdé ní òwúrọ̀ náà ni wọ́n fi ń kí àgbà. Nítorí náà bí ọmọ wa bá wọlé tí ó ní, "Bàbá, o ti jẹun?", ẹ má tíì na ọwọ́ sí pàṣán. Hausa ni ó rò nínú, Yorùbá ni ó fi sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Hausa kò mọ ìtẹríba. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kí àgbà. Wọ́n ń sọ ranka ya daɗe fún ọkùnrin àti ranki ya daɗe fún obìnrin, èyí tí í ṣe àdúrà pé kí ẹ̀mí rẹ gùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ biyayya, tí ó wá láti inú bi, èyí tí í ṣe kí a tẹ̀lé ènìyàn. Ọmọ wa tí ó bá mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí Malam ní ìta ti mọ ìdí ìtẹríba. Ohun tí ó kù ni kí a kọ́ ọ ní bí ilé bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Sùúrù ni a fi ń kọ́ èdè, a kì í fi èébú kọ́ ọ. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òbí bá ń fi Hausa bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ "ẹ" àti "wọ́n"?

Ìtẹríba ara

Ọ̀rọ̀ tí ó gbóná jù ni ti ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi pẹ̀lẹ́ gbà á.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni pé sùjúùdù ti Ọlọ́hun nìkan ni. Nínú hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá, sàhábà kan tí ń jẹ́ Qays ọmọ Saʿd lọ sí ìlú Hira, ó rí i pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń forí kanlẹ̀ fún olórí wọn. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ fún Ànábì pé òun ni ó tọ́ sí jù. Ànábì kọ̀ ọ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dá kan wà tí à bá forí kanlẹ̀ fún, Ànábì Muhammad ni ìbá jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a má ṣe é. Àwọn kan ń tọ́ka sí Súrà Yusuf, áyà 100, níbi tí àwọn òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n Ànábì Yusuf ti wólẹ̀ fún un. Àlàyé àwọn onímímọ̀ ni pé ìkíni ni ìyẹn nínú òfin àwọn ará ìṣáájú, a kò sì fi í lélẹ̀ fún wa.

Ǹjẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ Yorùbá jẹ́ sùjúùdù? Oríkèé méje ni Ànábì kà fún sùjúùdù: iwájú orí pẹ̀lú imú, ọwọ́ méjì, orúnkún méjì, àti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ ni ó kan ilẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kì í sì í kàn án. Ìkíni ni ó gbé kalẹ̀, kò gbé ìsìn kalẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ààfáà ilẹ̀ Yorùbá kò fi rí ẹbọ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ rárá, ẹ̀rí tí wọ́n sì ń mú wá ni hàdíìsì Anas tí Tirmidhi gbà wá, nínú èyí tí a ti bi Ànábì bóyá ènìyàn lè tẹ̀ ba fún arákùnrin rẹ̀ bí wọ́n bá pàdé, tí ó sì ní rárá, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

A kò jókòó láti dá ẹjọ́ tí àwọn tí ó jù wá lọ kò tíì parí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni èyí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò gbà láti dọ̀bálẹ̀, kí ó má dúró gbọọrọ bí òpó iná. Kí ó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó lóṣòó, kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sálámà, kí ó bèèrè àlàáfíà òbí rẹ̀, kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Bàbá tí ó rí èyí, kí ó má sọ pé ọmọ kò kí òun. Bí a bá gba àyà tí ó kan ilẹ̀, tí a sì sọ ọkàn ọmọ nù, kí ni a jèrè?

Ibi tí ìtẹríba mọ

Nínú gbogbo àwọn tí Àlùkùránì sọ ìtàn wọn, kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ìtẹríba tó Ànábì Ibrahim, nítorí pé a rí i lẹ́ẹ̀mejì: a rí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a sì rí i gẹ́gẹ́ bí bàbá.

Gẹ́gẹ́ bí ọmọ, bàbá rẹ̀ ń bọ òrìṣà. Ẹ ka Súrà Maryam láti áyà 42 dé 47. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ànábì Ibrahim pè é ní bàbá òun, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Kò bú u, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá náà fi òkò halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lé e kúrò níwájú rẹ̀. Èsì tí ọmọ fún un ni àlàáfíà àti ìlérí pé òun yóò tọrọ ìforíjìn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò bọ òrìṣà náà. Nǹkan tí a ní a ó dé orí rẹ̀ nìyí. Kò gbọ́ràn, síbẹ̀ ìtẹríba rẹ̀ kò dín kù. Ohun tí Súrà Luqman, áyà 15, sì fi lélẹ̀ fún gbogbo ọmọ ni pé bí òbí bá tiraka kí ọmọ mú orogún mọ́ Ọlọ́hun, kí ó má gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n kí ó máa bá wọn gbé pẹ̀lú ìwà rere.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà dé ọjà. Ká ní ọ̀gá kan ń ta ìrẹsì, ó sì ní mùdù méjì nínú ìsọ̀: ọ̀kan pé, ìdí èkejì sì ni a ti lù wọnú. Ó sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé bí oníbàárà bá dé, èkejì ni kí ó fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà ti ka Súratul-Mutaffifīn sórí ní ilé-kéwú, ó mọ ohun tí ó ń dúró de àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá fi mùdù búburú wọ̀n ọ́n, tí ó sì dákẹ́, ìbẹ̀rù ni, ẹ má pè é ní ìtẹríba. Bí ó bá kígbe pe ọ̀gá rẹ̀ ní olè láàárín ọjà, òdodo ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó ti tú ọ̀gá rẹ̀ sí ìhòòhò kí ó tó fún un láyè láti ronú pìwà dà.

Yorùbá ti fún wa ní ọ̀nà kẹta: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ọmọ náà mú mùdù tí ó pé láìsọ̀rọ̀, kí ó fi wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ku àwọn méjì, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n máa lo èyí tí ó pé. Mo ń bẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín." Ọ̀gá tí Ọlọ́hun bá fẹ́ràn yóò gbọ́. Òmíràn lè lé e dànù. Nígbà náà, ọwọ́ àwa àgbà àdúgbò ni ó kù sí. A kò gbọdọ̀ dá ọmọ náà padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí ó lọ tọrọ àforíjì nítorí pé kò ní ìtẹríba. Àwa ni kí a gbà á, kí a sì wá ìsọ̀ mìíràn fún un. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti kọ́ gbogbo ọmọ Bomo pé òṣùwọ̀n èké ni ẹ̀sìn wa.

Ìtẹríba àgbà

Nísinsìnyí ẹ wo Ànábì Ibrahim gẹ́gẹ́ bí bàbá. Ó lá àlá pé òun ń dúńbú ọmọ òun, tí ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sọ pé Ismail ni. Àṣẹ Ọlọ́hun ni. Síbẹ̀, nínú Súratus-Sāffāt, áyà 102, ó jókòó ti ọmọ, ó sọ àlá náà fún un, ó sì bi í pé kí ni ó rò sí i. Lẹ́yìn tí ọmọ gbà, áyà 103 lo ọ̀rọ̀ kan tí ó wá láti inú lẹ́tà mẹ́ta tí a kà lẹ́ẹ̀kan: aslamā. Ẹni tí ó mọ Lárúbáwá mọ̀ pé ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀, bàbá àti ọmọ lápapọ̀. Bàbá kò ní kí ọmọ tẹríba fún òun. Òun fúnra rẹ̀ ti tẹrí rẹ̀ ba ṣáájú, ọmọ sì bá a níbẹ̀.

Ìdí ẹ̀kọ́ wa nìyí. Orí àgbà tí kò bá tẹ̀ ba fún Ọlọ́hun, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó máa ń fún ọmọdé. Àgbà tí ó bá mọ̀ pé òun náà ní Ẹni tí òun ń tẹríba fún, kò ní bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ju ohun tí ó tọ́ lọ.

Ànábì wa Muhammad náà fi hàn wá. Súratul-Isrā, áyà 23, kọ̀ fún ọmọ láti sọ uff lásán sí òbí rẹ̀. Anas tí ó sì sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré jẹ́rìí pé Ànábì kò sọ uff náà sí òun rí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ fún ọmọ láti sọ sókè, Ànábì kò sọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí Fatima ọmọ rẹ̀ bá sì wọlé, yóò dìde fún un, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì mú un jókòó sí àyè ara rẹ̀. Bí ó bá lọ sí ilé Fatima, Fatima náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọlá Ànábì dín kù nítorí pé ó dìde fún ọmọ rẹ̀.

Fún ẹ̀kọ́ inú ilé

Kí ìyá, bàbá àti ọmọ jọ jókòó ti ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́yìn ìrun Iṣai ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Kí ọmọdé kọ́kọ́ dáhùn.

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìtẹríba àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀? Kí olúkúlùkù mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ilé yín.

2. Báwo ni a ṣe ń sọ fún àgbà ní Yorùbá pé ka zo, ka ci abinci, ina za ka? Kí àwọn ọmọ sọ ọ́ títí ahọ́n wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.

3. Ẹ ka Súrà Maryam, áyà 42 sí 47. Kí ni Ànábì Ibrahim kọ̀ fún bàbá rẹ̀? Kí ni kò kọ̀ fún un?

4. Bàbá àti ìyá: ìgbà wo ni ẹ bèèrè èrò ọmọ yín kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kí òbí yín wá ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu yín tì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ilé-kéwú jẹ àwọn ọmọ níyà. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ wọn pé kí wọ́n rẹ apá wọn sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú àánú. Bàbá tí òun àti ọmọ rẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́, kí ó má dúró de ọmọ. Sálámà kò ní ẹni tí ó kéré jù láti kọ́kọ́ ṣe é.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ ọ̀nà. Kí Ó jẹ́ kí orí wa tẹ̀ ba fún Un kí ọmọ wa tó tẹríba fún wa. Kí Ó má jẹ́ kí àjèjì ilẹ̀ gba ahọ́n àti ìwà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi àlàáfíà sí àárín àwa àti àwọn tí a bá nílẹ̀. Àmín.